Kí ni ẹ́nsáìmù ń wá ní ìta ara bakitéríà?

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ wa sọ pé àwọn bakitéríà kan ní ẹ́nsáìmù tó lẹ̀ mọ́ wọn lára níta, àti pé òun ni wọ́n fi ń ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa. Kò yé mi. Ẹ́nsáìmù tí mo mọ̀ ni ti inú itọ́ àti ti ikùn, tó ń da oúnjẹ. Ṣé ó ń jẹ ògiri sẹ́ẹ̀lì wa títí tó fi máa lu ni? Ẹ tún gbà mí láàyè kí n bi yín ní ìkan sí i: bàbá àgbà mi máa ń sọ pé àrùn eku ló fà á tí wọ́n fi wó ilé wa àtijọ́ nítòsí Ìdúmọ̀tà. Ṣé bakitéríà àrùn yẹn náà ní irú ẹ́nsáìmù bẹ́ẹ̀? Ṣé oògùn tó ń dá ẹ́nsáìmù náà dúró wà?”

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe: sẹ́ẹ̀lì èèyàn kò ní ògiri. Ewéko ní ògiri, bakitéríà fúnra rẹ̀ ní ògiri, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́ ọlọ́ràá ló bo sẹ́ẹ̀lì tiwa. Awọ yẹn gan-an kọ́ ló sábà máa ń dí bakitéríà lọ́nà. Ohun tó wà níwájú awọ ni: ikun, ṣúgà tó bo ojú sẹ́ẹ̀lì, àwọ̀n prótéènì tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú egbò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ́nsáìmù ara ìta pọ̀ sí. Tó bá wá kan wíwọlé, sẹ́ẹ̀lì wa fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé bakitéríà mì. Nítorí náà, rárá ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn sí èkejì, ibẹ̀ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀, torí kò sí bakitéríà tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere tó ti àrùn eku, èyí tí òyìnbó ń pè ní plague.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá àgbà, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń jà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Erékùṣù ló ti le jù, níbi tí ilé ti há mọ́ ara wọn, tí eku ń ti inú àjà ilé kan bọ́ sí ti èkejì. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò, èyí tí àwọn àgbà Èkó mọ̀ sí LEDB (Lagos Executive Development Board). Wọ́n la ilẹ̀ sílẹ̀ ní Yábàá fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kó kúrò ní erékùṣù, nítorí náà Yábàá tí mo jókòó sí kọ ìwé yìí jẹ eku ní gbèsè díẹ̀. Ìwólulẹ̀ ńlá ti àárín Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Súrùlérè, LEDB kan náà ló ṣe é, ṣùgbọ́n àrùn eku ti kásẹ̀ nílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé bàbá àgbà fi ojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń wó ilé náà, ti 1955 ló jọ pé ó rí.

Yersinia pestis ni orúkọ bakitéríà náà. Alexandre Yersin ló rí i ní Hong Kong ní 1894. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Paul-Louis Simond fi hàn pé eégbọn eku, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fò tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé e láti ara eku dé ara èèyàn.

Wo ìṣòro tó dojú kọ bakitéríà yìí. Eégbọn bu èèyàn jẹ lẹ́sẹ̀, ó pọ bakitéríà díẹ̀ sábẹ́ awọ. Wọn ò lè lúwẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀, torí Yersinia pestis kò ní ìrù tí bakitéríà mìíràn fi ń rìn. Ara wa kò sì fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ á dì yí ojú ibẹ̀ ká, okùn prótéènì tó ń jẹ́ fibrin á ta bo gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á sì máa rọ́ bọ̀. Bakitéríà tó bá há sínú fibrin yẹn, tirẹ̀ ti bùṣe. Ó ní láti jáde, kó dé inú kókó (lymph node) tó wà ní ìtan, kó bí síbẹ̀, kó sì rẹ̀ síbẹ̀, títí kókó náà yóò fi wú gbàǹgbà. Wíwú yẹn ni àmì tí wọ́n fi ń dá àrùn náà mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ́nsáìmù kan tó ń jẹ́ Pla ló fi ń jáde. Inú awọ ìta bakitéríà ló rì sí. Okùn prótéènì mẹ́wàá ló nàró yí po nínú awọ náà, apá tó ń gé nǹkan sì yọ síta, ó kọjú sí wa. Ṣùgbọ́n Pla kì í dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tú prótéènì kan tó ń jẹ́ plasminogen sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì pọ̀: nǹkan bíi mílígíráàmù 200 nínú lítà kan omi ẹ̀jẹ̀. Àdá tó wà nínú àkọ̀ ni plasminogen. Bí egbò bá ń jinná, ara á fa àdá yẹn yọ, á di plasmin, plasmin á sì gé fibrin tí a kò nílò mọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú ibì kan pàtó ni ara máa ń gé lára plasminogen kó tó di plasmin. Ojú ibẹ̀ gan-an ni Pla náà ń gé. Bakitéríà kò gbé àdá wá láti ilé, tiwa ló fà yọ. Kò sì tán síbẹ̀. Ara wa ní prótéènì mìíràn, α2-antiplasmin, tó ń dá plasmin lẹ́kun kó má bàa gé kọjá ibi tó yẹ. Pla á ba ìyẹn náà jẹ́.

O lè bi mí pé báwo la ṣe mọ̀ pé Pla ló ń ṣe é, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn lára bakitéríà náà. Ní 1992, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Orúkọ tó ṣáájú lórí rẹ̀ ni O. A. Sodeinde, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kan kò ní í bèèrè àlàyé rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ba jíìnì Pla jẹ́ lára bakitéríà, wọ́n sì gún un sábẹ́ awọ èkúté. Iye bakitéríà tó gbà kí ìdajì àwọn èkúté náà tó kú fò sókè ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ẹ́nsáìmù kan péré ni wọ́n mú kúrò o. Ṣùgbọ́n bí irú bakitéríà aláìní-Pla bẹ́ẹ̀ bá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé tààrà, àìní Pla kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwádìí yìí nìyẹn: ó sọ ibi tí iṣẹ́ Pla wà fún wa. Láti abẹ́ awọ dé inú ara ló wúlò jù. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò tún nílò ẹni tí yóò la ọ̀nà fún un.

Ní 2015, àwọn mìíràn tún fi ohun kan kún un. Pla tó wà lára àwọn ìran Yersinia pestis tó ti pẹ́ yàtọ̀ sí ti òde òní ní amino acid kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ kan lára àwọn tó so pọ̀ di prótéènì, ní ipò 259. Ti àtijọ́ yẹn tó láti fa irú àrùn náà tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró, àmọ́ ti òde òní ló jẹ́ kí bakitéríà lè ti abẹ́ awọ tàn káàkiri ara dáadáa.

Wàyí o, kí ló dé tí ẹ́nsáìmù náà fi gbọ́dọ̀ wà lára? Ṣé bakitéríà kò lè tú u dànù sínú omi ara kó máa ṣiṣẹ́ lọ ni? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá tú sílẹ̀, omi ara á gbé e lọ, á sì là á títí agbára rẹ̀ fi máa dín kù. Èyí tó so mọ́ ara ń bá bakitéríà rìn, ibi tí bakitéríà bá wà ni ọ̀nà ń là sí. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé bí plasmin bá dúró mọ́ ara bakitéríà, agbára α2-antiplasmin kì í sábà ká a, torí apá tí plasmin fi di bakitéríà mú náà ni α2-antiplasmin ì bá fi dì í mú. Plasmin tó wà lófìífo nínú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń mú un. Èyí tó wà lára bakitéríà ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ bakitéríà ìdílé yìí ló ní ṣúgà gígùn tó bo ojú ara wọn, ààbò ni ó sì jẹ́ fún wọn. Yersinia pestis ti sọ tirẹ̀ nù. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi Pla sí ara bakitéríà tó ní ṣúgà gígùn yẹn, Pla kò ríṣẹ́ ṣe dáadáa, ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀. Afi bíi pé bakitéríà àrùn eku bọ́ra sílẹ̀ kí ẹ́nsáìmù rẹ̀ lè rọ́wọ́ yọ. Mo mọ̀ pé bakitéríà kì í pète, má wulẹ̀ kọ ìyẹn sínú ìdánwò.

Wíwọ inú sẹ́ẹ̀lì tí olùkọ́ rẹ sọ wá ńkọ́? Pla tún máa ń lẹ̀ mọ́ laminin, prótéènì kan tó wà nínú ìpìlẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wa jókòó lé. Ó lẹ̀ mọ́ ọn, plasmin tó fà yọ ń gé e lójú kan náà. Nínú yàrá ìwádìí, bakitéríà tó ní Pla máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn ju èyí tí kò ní lọ. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe wọlé: ó sún mọ́ sẹ́ẹ̀lì pẹ́kípẹ́kí, ó di nǹkan mú lójú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì na awọ ara rẹ̀ yí i ká, ó gbé e mì. Kò sí ihò tí ẹnikẹ́ni lu.

Irú èyí tó kàn wá jù lójoojúmọ́ ní Èkó kì í ṣe ti eku. Ti òtútù àyà ni. Streptococcus pneumoniae máa ń gbé inú imú àti ọ̀fun ọ̀pọ̀ ọmọdé láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó ní ẹ́nsáìmù kan lára tó ń jẹ́ NanA. Sẹ́ẹ̀lì inú imú àti ti ẹ̀dọ̀fóró wa ní ìtàkùn ṣúgà lójú, sialic acid, tó jẹ́ irú ṣúgà kan, ló sì wà ní ìkángun ọ̀pọ̀ nínú wọn. NanA á já ìkángun yẹn, ṣúgà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á hàn síta, bakitéríà á sì rí ohun dì mú. Yàtọ̀ sí gígé, apá kan wà lára NanA tó jẹ́ pé iṣẹ́ dídìmú ni tirẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń ran bakitéríà náà lọ́wọ́ láti wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Ọ̀nà tí yírùnyírùn ń gbà wọlé nìyẹn. Ṣé o rí i pé NanA kò fọwọ́ kan awọ sẹ́ẹ̀lì rárá? Ṣúgà ló bá jà.

Bakitéríà yìí kan náà tún ní ẹ́nsáìmù tí kò yẹ kó wà níta rárá. Enolase jẹ́ ẹ́nsáìmù inú ilé, òun ló ń ṣe ìgbésẹ̀ kẹsàn-án nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń fọ́ ṣúgà kó lè rí agbára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀dá alààyè ló ní in, èmi àti ìwọ náà ní in. Síbẹ̀ wọ́n bá a ní ìta ara bakitéríà òtútù àyà, tó di plasminogen mú. Ní 1992 kan náà tí ti Sodeinde jáde, Pancholi àti Fischetti ní Rockefeller University ti rí irú rẹ̀ lára Streptococcus tó ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn: GAPDH, ẹ́nsáìmù mìíràn tó ń fọ́ ṣúgà, ló wà lójú ara rẹ̀ níta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní àmì tí prótéènì tó fẹ́ jáde máa ń ní lórí. Nígbà tí ìròyìn yìí kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èérí ni, pé bakitéríà tó kú ló tú nǹkan inú rẹ̀ sára àwọn tó kù. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti dín kù gan-an báyìí. Èmi gbà pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe lóòótọ́.

Wàá tún bá àwọn kan nínú ìwé rẹ tí wọn kì í la ọ̀nà fún bakitéríà rárá, ààbò ni wọ́n wà fún. C5a peptidase ojú ara Streptococcus ń gé prótéènì tí ara wa fi ń pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí ìpè kò fi ní í dé etí wọn. IgA1 protease tí bakitéríà àtọ̀sí àti ti yírùnyírùn ń lò ń gé IgA1, prótéènì agbógunti-àrùn tó ń ṣọ́ ojú ikun wa, sí méjì ní ìdí ọrùn rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ pọ̀ fún ọ. Salmonella tó ń fa taífọ́ọ̀dù (orúkọ tí Èkó fi ń pe gbogbo ibà tí kì í ṣe ti ẹ̀fọn, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn) ń lo prótéènì láti wọlé, ṣùgbọ́n kì í gbé wọn sójú ara. Ó ní irinṣẹ́ tó fi ń gún wọn sínú sẹ́ẹ̀lì wa ní tààrà. SopB tó wà lára wọn jẹ́ ẹ́nsáìmù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dà egungun inú sẹ́ẹ̀lì rú títí sẹ́ẹ̀lì fi máa ru sókè tí yóò sì gbé Salmonella mì. Onígbáméjì tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní Òkúdù 2024, tí Erékùṣù Èkó àti Etí-Ọ̀sà sì wà lára ibi tó ti jà, bakitéríà náà kò wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹnikẹ́ni. Ojú ìfun ló dúró sí. Ó ń tú neuraminidase jáde tó ń já sialic acid kúrò lójú sẹ́ẹ̀lì ìfun, kí oró rẹ̀ lè rí ibi tó pọ̀ sí i dì mú. Oró ló wọlé, bakitéríà kò wọlé.

Ó dé orí oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta oògùn tó ń dá ẹ́nsáìmù ojú ara bakitéríà dúró fún ọ ní ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, fi owó rẹ sápò. Sortase ni àwọn olùwádìí ń lépa jù. Ẹ́nsáìmù ni òun náà, òun ló ń kan NanA àti irú rẹ̀ mọ́ ògiri bakitéríà, ara Staphylococcus aureus ni wọ́n sì ti rí i ní 1999. Bakitéríà tí kò ní in kò lè so ọ̀pọ̀ prótéènì mọ́ ara níta mọ́, kì í sì í le mọ́ èkúté bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Èyí ló jẹ́ kí èrò náà wù mí: bí oògùn kò bá pa bakitéríà, kò ní í tètè máa ṣa èyí tí oògùn kò ràn lára wọn sílẹ̀ láti máa pọ̀ sí i. Títí irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò fi dé, àrùn eku ń gbọ́ gentamicin, streptomycin, doxycycline àti ciprofloxacin bí wọ́n bá tètè lò ó, bakitéríà fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n ń bá jà. Ti òtútù àyà, abẹ́rẹ́ àjẹsára PCV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Ọ̀pẹ̀ 2014, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ara ṣúgà tó bo bakitéríà náà ló dojú kọ, kò kan NanA.

Àwọn dókítà kan tiẹ̀ ti yí ọgbọ́n yìí padà fún àǹfààní èèyàn. Ní 1933 ni William Tillett ti rí i pé Streptococcus ń tú ohun kan jáde tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Plasminogen náà ló ń jí. Streptokinase ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi í yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ọkàn títí di òní. Ó wà lára àwọn oògùn kòṣeémánìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà.

Ohun kan ṣẹ́kù tó kàn ọ́, torí ilé ìwòsàn lo ń lọ. Orí plasmid kékeré kan (òrùka DNA tó dá dúró nínú bakitéríà) tó ń jẹ́ pPCP1 ni jíìnì Pla wà, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ ló sì máa ń wà nínú bakitéríà kan ṣoṣo. Nítorí náà jíìnì yìí ni àyẹ̀wò PCR sábà máa ń wá bí wọ́n bá ń fura sí àrùn eku. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí jíìnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba nínú Citrobacter koseri àti E. coli tó wà lára àwọn eku ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí kò sí àrùn eku kankan. Bí ẹnì kan bá mú eku wá láti Òkè Àrín lọ́la, tí PCR sì fi pla hàn, a ó wá caf1 pẹ̀lú, jíìnì bakitéríà àrùn eku mìíràn tó wà lórí plasmid mìíràn, kí a tó fóònù ẹnikẹ́ni.